Ìwọ̀ Tó Gbé Ọdún Méje Lára Àjà

Ìwọ̀ kan wà lára àjà ilé wa ní Ìgàndò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Okùn rẹ̀ wé mọ́ ọ̀pá ọparun kan tó ti ń dán nítorí iye ọdún tí ọwọ́ kan ṣoṣo fi dì í mú. Ọdún méje gbáko ló fi gbé ibẹ̀. Àlejò tó bá wọlé á gbójú sókè, á ní, "Bàbá, kí nìyẹn?" Bàbá á ní, "Ẹnu mi ni." Wọn ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá tó bí bàbá mi ni mò ń sọ o, ẹni tí gbogbo Ìgàndò títí dé Ẹgbẹ́dá mọ̀ sí Bàbá Oníwọ̀. Wọ́n ti lọ. Èmi ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ-ọmọ wọn, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì gbé nígbà tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ tíṣà. Orí tèmi náà ti funfun báyìí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé. Mi ò ní sọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, mi ò sì ní ka oyè wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn kó lọ bi àwọn àbúrò bàbá mi, wọ́n ní i nínú ìwé. Ìwọ̀ ara àjà yẹn ni n ó sọ, bó ṣe débẹ̀ àti bó ṣe sọ̀ kalẹ̀. Tí ẹsẹ̀ mi bá yà díẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ fi orí jì mí. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa nìyẹn.

Iṣẹ́ Bàbá yàtọ̀ sí iṣẹ́ apẹja. Apẹja ń pa ẹja tà. Bàbá ní tiwọn, ènìyàn ni wọ́n ń mú lọ sódò. Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á dúró sí ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú àtùpà, àwọn tó fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja á sì máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ń bẹ níbẹ̀, télọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Dókítà kan wà tí wọ́n ní kó wá nǹkan mìíràn máa ṣe yàtọ̀ sí iṣẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta bàtà ní Ìkọ̀tún wà pẹ̀lú, tí kò tíì rí omi tó ju ti inú gọ́tà lọ láti ìgbà tó ti dé Èkó. Bàbá á kó gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò tó wà lẹ́yìn Ìgàndò, níbi tí òṣíbàtà ti bo etí omi bí ẹní. Ẹni tó bá mú ṣúgà wá, wọ́n á gbà á. Ẹni tó bá mú ẹnu lásán wá, wọ́n á ní kó jókòó.

Ọ̀nà mẹ́ta ni Bàbá pín àwọn àlejò wọn sí: ẹni tí kò rí omi rí, ẹni tó rí i tí kò mọ̀ ọ́n, àti ẹni tó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n á fi í sí ìdí igi ọ̀mọ̀ tó wà létí odò, wọ́n á fi ekòló sí ìwọ̀ rẹ̀ fún un, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní lẹ́tà. Ẹni kẹta yẹn ló máa ń fún wọn ní ẹ̀fọ́rí.

Ẹnjiníà kan ń ti Ẹgbẹ́dá wá. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó gbé ọ̀pá ìwọ̀ òyìnbó dání, irú èyí tó ní rọ́ńdò tó ń ká okùn. Ó wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, ó sì kó ìdẹ oníke aláràbarà sínú àpótí. Bàbá yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹnjiníà, ṣé ẹja lo fẹ́ pa ni, àbí o fẹ́ gbé e níyàwó?"

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbọ́. Ó ju okùn, ó ká a, ó jù ú, ó ká a, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Títí oòrùn fi yọ, koríko nìkan ló rí fà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní ìdí igi ọ̀mọ̀ ti fa àrọ̀ méjì, ó ń pariwo bíi pé wọ́n ń fi iná jó o. Bàbá wá lọ bá Ẹnjiníà. Wọ́n gba ọ̀pá òyìnbó lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n fi ọparun sí i lọ́wọ́, wọ́n ní, "Omi ò wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Bí o ṣe jókòó ló ń wò."

Láti ọjọ́ náà ni Ẹnjiníà ti di ara ilé.

Ìjókòó yẹn gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó ju ìwọ̀ sómi, Bàbá á pín awẹ́ obì kọ̀ọ̀kan fún gbogbo wa. A ó jókòó, a ó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, a ó máa wo omi, ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀ títí obì á fi tán lẹ́nu. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn nìyẹn, Bàbá sì ní garawa kan tó ní ìdérí tí wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obì ṣì wà lẹ́nu wa, fóònù Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú garawa. Ẹnjiníà fò dìde. Bàbá di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ mú.

"Jókòó jàre. Tó bá jẹ́ ẹja ni, kò ní pè ọ́ lórí fóònù."

Ìyá àgbà, ìyàwó wọn, ò bá wọn lọ sódò rí. Orí ekòló ni àwọn méjèèjì ti máa ń jà. Ekòló kò fẹ́ ooru, Bàbá sì gbà pé kò sí ohun tó tutù tó ìkòkò amọ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìyá àgbà ṣí ìkòkò láti gbé ọbẹ̀ kaná. Ariwo tí wọ́n ta, àwọn ará ilé kejì gbé omi dání, wọ́n rò pé iná ni.

"Bàbá Múfù o! Ẹ ti fi ìkòkò ọbẹ̀ mi ṣe ilé ekòló!"

Bàbá ò tiẹ̀ dìde lórí àga. "Tìrẹ ló tutù jù nílé yìí."

"Ìkòkò tí mo fi ń se ọbẹ̀ fún yín! Ẹ ò tiẹ̀ rò ó!"

"Mo rò ó. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa kí n tó kó wọn sí i."

Ìyá àgbà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà á mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Ìkòkò yẹn ò padà sórí iná mọ́. Títí Ìyá àgbà fi lọ, ọdún díẹ̀ ṣáájú Bàbá, tí ẹnikẹ́ni bá yìn wọ́n pé ọbẹ̀ wọ́n dùn, èsì kan náà ni: "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ekòló tó fi ìkòkò yòókù sílẹ̀ fún mi."

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìwọ̀.

Bàbá ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo àlejò tuntun. Wọ́n á nà ró, wọ́n á gbé ọ̀pá ọparun tiwọn dúró bí ọ̀pá àṣẹ, wọ́n á ní: "Ẹni tó bá bá mi lọ sódò lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò pa ẹja kan, èmi náà ò ní ju ìwọ̀ sómi mọ́, àfi ọjọ́ tí olúwarẹ̀ bá pa tirẹ̀." Àwọn àlejò á pàtẹ́wọ́. Ẹrù wọn á fúyẹ́, nítorí ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun ò mọ nǹkan kan á rí i pé Bàbá ti gbé ìtìjú náà ka orí ara wọn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn ò mú Bàbá rí. Àwọn kan pa tiwọn lọ́jọ́ kìíní, àwọn kan lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó pẹ́ jù ni dókítà, tó fa ẹ̀pìyà kékeré kan lọ́jọ́ kẹta nígbà tí a ti ń ká okùn. Bàbá fò sókè níbi tí wọ́n wà.

Ìgbà náà ni Wòlíì dé.

Ìdímù ló ti ń wá, ó ń darí ìjọ aláṣọ funfun kékeré kan níbẹ̀. Ọmọdékùnrin ni lójú mi, mo fi ọdún mélòó kan jù ú lọ, ṣùgbọ́n ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn. Sùtánà rẹ̀ funfun débi pé tó bá ń bọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, aṣọ la máa ń kọ́kọ́ rí, a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ènìyàn inú rẹ̀. Bàbá, tí wọ́n ń pe dókítà ní "ìwọ", tí wọ́n ń pe Ẹnjiníà ní "ìwọ yìí", "ẹ" ni wọ́n ń pe Wòlíì. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, mùsùlùmí ni yín, ó sì lè jẹ́ ọmọ-ọmọ yín. Wọ́n ní, "Aṣọ yẹn ni mò ń kí. Ẹni tó bá lè wọ nǹkan funfun wá sínú ẹrẹ̀, ó ní ohun tó gbà gbọ́."

Wòlíì fẹ́ràn orí òkìtì kan tó ga létí omi, kó lè rí àyè gbé ọwọ́ sókè gbàdúrà. Sátidé kìíní, kò rí nǹkan kan pa. Sátidé kejì, ekòló rẹ̀ wọlé sómi láàyè, ó jáde láàyè. Gbogbo etí odò mọ̀ pé ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré.

Mo gbọdọ̀ jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Mo mọ̀ pé ìwọ̀ yẹn ló ń gbé wọn dìde lórí ẹní láràárọ̀, mo sì mọ̀ pé ẹnu wọn kì í yẹ̀. Ní Fúráìdé, mo lọ sọ́jà Ìkọ̀tún, mo ra àrọ̀ ààyè kan nínú àgbá àwọn tó ń sin ẹja, mo fi í sínú ike olómi. Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo gbé e sábẹ́ ìró mi, mo tẹ̀ lé wọn lọ sódò. Nígbà tí Wòlíì kúrò lórí òkìtì láti lọ kúnlẹ̀ gbàdúrà lẹ́yìn igi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fa okùn rẹ̀ jáde, mo fi ìwọ̀ kọ́ ètè ẹja náà, mo dá a padà sómi. Mo jókòó síbi tí mo wà tẹ́lẹ̀. 

Wòlíì dé, ó di ọ̀pá mú, ó pariwo "Halelúyà!" tó jẹ́ pé lékeléke gbéra lórí igi. Ẹnjiníà dì mọ́ ọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń jó nínú ẹrẹ̀. A ju ẹja sínú garawa omi, Bàbá sì wá wò ó, gbogbo eyín tó kù lẹ́nu wọn wà níta.

Wọ́n na ọwọ́ sórí garawa. Ẹja náà gòkè wá bá ọwọ́ wọn, ó lanu.

Wọ́n mú ọwọ́ kúrò, wọ́n tún nà án. Ó tún gòkè, ó tún lanu.

Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá díẹ̀díẹ̀. "Ẹja odò tó bá rí òjìji ènìyàn, sísá ló máa ń sá," ni wọ́n wí. "Èyí ń retí oúnjẹ. Ẹja ọ̀sìn ni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹnìkan ló ṣàánú mi."

Wọn ò bèèrè ẹni náà. Wọ́n kàn wo ìró mi tó tutù rinrin láti itan dé ilẹ̀, wọ́n sì gbé ojú kúrò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn mọ́ ọ̀pá ọparun tiwọn. Wòlíì dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun nínú ẹrẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹja ni, ìwọ̀ mi ló gbé e. Ta ló máa mọ̀?"

Bàbá fi orí júwe lẹ́yìn ara wọn. "Odò."

Bí ìwọ̀ ṣe dé ara àjà nìyẹn.

Ẹ má rò pé ilé wa wá di ilé ọ̀fọ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá tún dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àtùpà, wọ́n tún kó ènìyàn lọ sódò, wọ́n tún pín obì. Wọn ò kàn gbé ìwọ̀ dání ni. Ẹ ò sì ní gbà á gbọ́, ẹja tí àwọn àlejò ń pa pọ̀ sí i. Bàbá ń ti ẹ̀yìn ẹnìkan bọ́ sí ẹ̀yìn ẹnìkejì, wọ́n ń tún ọrùn ọwọ́ ṣe, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ sétí. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kó dùn wọ́n jù. Wọ́n ní, "Nígbà tí ọwọ́ mi kún, ọwọ́ ara mi nìkan ni mò ń wò."

Ṣùgbọ́n mo máa ń rí wọn. Tí ẹja ńlá bá lu omi níbi tó jìn, ìka wọn á ká ara wọn, wọ́n á di afẹ́fẹ́ mú.

Wòlíì náà rí i. Ìdí nìyẹn tí kò fi pa Sátidé jẹ rárá fún ọdún méje. Á ti Ìdímù dé, á ní, "Bàbá, lónìí ni." Bàbá á dá a lóhùn, "Lónìí ni, Wòlíì." Wọ́n á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí òkìtì, ìkan dá ìwọ̀ sómi, ìkan ká ọwọ́ lé orúnkún, kò sì ní sí nǹkan kan. Ó gbìyànjú ekòló, ó gbìyànjú ìfun adìẹ, ó gbìyànjú ẹ̀bà tí wọ́n pò mọ́ epo. Ó tilẹ̀ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

"Wòlíì," Ẹnjiníà ní, "ẹja ló yẹ kí ebi pa, kì í ṣe ẹ̀yin."

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó bá jókòó sún mọ́ Wòlíì, ẹja ò ní jẹ tirẹ̀ náà. Àwọn ènìyàn ń sún kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan, Ẹnjiníà wo Wòlíì láti òkè délẹ̀, ó wo omi, ó la ẹnu, ó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ ná, ṣé kì í ṣe pé..." Bàbá fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń tilẹ̀ gbá a ní ìka ẹsẹ̀. Ẹnjiníà ké, ó di ẹsẹ̀ mú. Bàbá ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Eṣinṣin ni mo fẹ́ pa."

Mi ò rí eṣinṣin kankan.

Nígbà tí ọdún keje ń lọ sópin, ẹsẹ̀ Bàbá ò gbé wọn dé odò mọ́. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí, èmi ni mo ń kó àwọn àlejò lọ. Ìwọ̀ wà lókè orí wọn. Nígbà mìíràn, tí mo bá gbé ẹ̀kọ wọlé, mo máa ń bá wọn tí wọ́n gbójú sókè tí wọ́n ń wò ó.  Èmi tí mo ra ẹja lọ́jà Ìkọ̀tún, mo mọ ohun tí ojú yẹn ń bèèrè: ṣé n ó tún dì í mú kí n tó lọ?

Ọyẹ́ dé. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, a jí bá ìkùukùu tó bo ilẹ̀ débi pé mi ò rí ògiri ilé kejì. Bàbá ti fòfin de odò lírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, nítorí ẹni tí kò mọ̀nà lè wọ omi láìmọ̀. Mo ti ń mú fóònù láti sọ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n jókòó sílé.

"Àjọkẹ́," Bàbá pè mí láti ojú fèrèsé. "Kí lo rí níta?"

"Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá. Gbogbo ayé ló funfun."

"Ó funfun bíi kí ni?"

Mi ò tiẹ̀ ronú. "Bí aṣọ Wòlíì."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn, mo ní kí n bu omi, wọ́n juwọ́ sí mi. "Pe Wòlíì. Òun nìkan o. Ìwọ ni kí o mú un lọ. Ẹ má wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ má kúrò ní ìdí igi ọ̀mọ̀. Di aṣọ rẹ̀ mú kó má baà sọnù."

Wòlíì gun ọ̀kadà dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. A fi ọwọ́ tá ọ̀nà dé odò. Nígbà tí a dúró, èmi tí mo di etí aṣọ rẹ̀ mú, mi ò rí i. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. A jẹ obì wa tán. Ó ju ìwọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Màmá, ẹ má fa okùn mi."

"Ta ló ń fa okùn yín? Aṣọ yín ni mo dì mú."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àkókò eré."

"Wòlíì, ọwọ́ mi méjèèjì ló wà lára aṣọ yín!"

Ó fa okùn sókè. Mo gbọ́ tí ó mí. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan fò jáde láti inú ìkùukùu, ó gbá mi lójú, ó tutù, ó ń jà. Ẹ̀pìyà ni. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Wòlíì ò pariwo lọ́jọ́ náà. Ẹkún ló ń sun.

A gbé e délé nínú ike ọ̀dà tó kún fún omi odò. A gbé e síwájú Bàbá. Bí mo ṣe ń gbé e kalẹ̀, mo mọ ohun tó kàn. Bàbá na ọwọ́ sórí omi. Ẹja náà ta kọ́ọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ó sá lọ sí òdìkejì.

"Ó sá," ni Bàbá wí. "Ẹ wò ó, ó ń sá fún mi! Ẹja odò ni!" Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà láti ọdún méje. "Àjọkẹ́, ìró rẹ gbẹ lónìí."

Ojú tì mí, mo sì rẹ́rìn-ín. Wòlíì ní òun fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ pé òní ni.

"Àwọn ẹja ń rí yín ni, Wòlíì. Ọdún méje lẹ fi ń tàn lórí òkìtì yẹn bí àtùpà. Lónìí, gbogbo ayé wọ aṣọ yín, wọn ò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀yin."

Wòlíì wo ara rẹ̀. "Bàbá, ẹ mọ̀? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ? Ǹ bá ti bọ́ ọ láti ọjọ́ kìíní!"

"Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn. Èmi kọ́ ni mo wọ̀ ọ́ fún yín."

Ẹnjiníà ló gun àga tó sọ ìwọ̀ kalẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, a fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Bàbá dé ibi tí ọ̀nà mọ, a fi àga gbé wọn dé ìdí igi ọ̀mọ̀, níbi tí wọ́n máa ń fi àwọn tí kò rí omi rí sí. Bàbá ò léyín mọ́, wọ́n ń lá obì tiwọn. Ìka wọn ká mọ́ ọparun. Wọ́n ju ìwọ̀, ọwọ́ náà ò tíì gbàgbé, kò ta omi sókè rárá. Oòrùn yọ, ẹja kankan ò jẹ ẹ́. Ojú Bàbá sì ń dán bí ojú ọmọ tó ń lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Wòlíì, tó jókòó jìnnà sí omi látìgbà tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ rẹ̀, nà ró lẹ́yìn wọn. Ó gbé ọ̀pá tirẹ̀ dúró bí Bàbá ṣe máa ń gbé tiwọn.

"Bàbá, èmi ni mo mú yín wá sódò lónìí. Tẹ́ ẹ bá bá mi wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ́ ẹ ò pa ẹja kan, èmi náà ò ní ju ìwọ̀ sómi mọ́, àfi ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pa tiyín."

Gbogbo etí odò bú sẹ́rìn-ín. Bàbá nu ojú wọn. "Ó ku méjì," ni wọ́n wí.

A tún gbé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ewé òṣíbàtà kan ni wọ́n fà, wọ́n sì gbé e ka orí bí fìlà títí dé ilé. "Ó ku ẹyọ kan, Wòlíì. Ẹ ti wọ gàù."

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sùn tí wọn ò jí. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn.

Ní Sátidé, mo rò pé ẹnikẹ́ni ò ní wá. Mo ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo wọn ló dúró síta pẹ̀lú àtùpà. Wòlíì wọlé, ó gbé ìwọ̀ Bàbá, a sì lọ. Ó ri ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ ní ìdí igi ọ̀mọ̀, lẹ́bàá àga tó ṣófo, ó fi ekòló sí i, ó rọra sọ ọ́ sómi. Ó padà sẹ́yìn, ó jókòó níbi tí ẹja ò ti ní rí i. A jẹ obì. A wo okùn yẹn títí oòrùn fi gòkè. Kò mì. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn.

Nígbà tí a délé, Wòlíì gun àga. Ó fi ìwọ̀ Bàbá kọ́ ara àjà padà. Lẹ́yìn náà ló gba tirẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Wòlíì ló ń kó àwọn àlejò lọ sódò báyìí, òun ló ń pín obì, pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀, ọwọ́ lásán, ó ń ti ẹ̀yìn darí wọn. Ní Sátidé tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá láti Ayọ̀bọ̀, kò rí omi rí. Ó wo Wòlíì fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin fúnra yín ò ní ìwọ̀ ni?"

"Mo ní," Wòlíì dá a lóhùn. "Bàbá ló kù tí wọn ò tíì pa ẹja."